Àkọsílẹ̀ afárá àti ojú irin: Èyí tó yẹ kí ọlọ́jà mọ̀ àti èyí tó yẹ kí ìjọba fi pamọ́

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe máa ń wí. Ṣùgbọ́n kí ọlọ́jà tó lè yà gba ọ̀nà kejì, ó ní láti kọ́kọ́ gbọ́ pé wọ́n ti dí ti àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹrin, ọdún 2025, wọ́n ti afárá Independence tó so Marina pọ̀ mọ́ Victoria Island l'Ékòó pa fún àtúnṣe. Ká tó wí, ká tó fọ̀, ọkọ̀ ti há káàkiri Erékùṣù Èkó, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì lo wákàtí gbọọrọ lójú ọ̀nà. Kò pẹ́ rárá tí mínísítà fún iṣẹ́ òde fi pàṣẹ pé kí wọ́n dá iṣẹ́ ọ̀hún dúró ná, kí wọ́n ṣí afárá náà padà fún ìgbà díẹ̀.

Kò sẹ́ni tó máa bá ìjọba jà pé ó ń tún afárá ṣe. Afárá tí wọn kò bá tún ṣe, wíwó ló máa wó lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ẹja dídì sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, tí yìnyín fi yọ́ tán lórí ìrìn, kò lè gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ra tòmátì àti tàtàṣé ní Mile 12 láàárọ̀, tí kò dé ìsọ̀ rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ìdajì iye tó rà á ló máa tà á. Búrẹ́dì tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà ní aago mẹ́fà àárọ̀, bó bá di aago mẹ́wàá, ó ti di ti àná lójú ẹni tó fẹ́ rà á.

Ìdí nìyí tí àkọsílẹ̀ ìjọba nípa títì, afárá, èbúté àti ojú irin kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ẹnjiníà nìkan. Ọ̀rọ̀ owó ni, pàápàá jù lọ fún oníṣòwò kékeré tí kò ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá, tí kò ní ọkọ̀ mẹ́wàá, tó jẹ́ pé ọjà ọjọ́ kan ló fi ń ra ti ọjọ́ kejì. Ọjọ́ wo ni wọ́n máa ti afárá? Tírélà tó wúwo tó mélòó ló lè kọjá lórí rẹ̀? Aago mélòó ni ọkọ̀ ojú irin máa gbéra? Ibo gan-an ni títì tuntun máa gbà kọjá, ìsọ̀ ta ni yóò sì bá a lọ? Èló ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún kọngílá, ìgbà wo ló yẹ kó parí rẹ̀? Gbogbo ìdáhùn wọ̀nyí wà nínú fáìlì níbì kan. Ohun tó ń fa àríyànjiyàn ni bóyá ó yẹ kí fáìlì ọ̀hún jáde síta.

Àwọn kan gbà pé kò sídìí láti fi ohunkóhun pamọ́, nítorí owó aráàlú ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn mìíràn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wà nídìí iṣẹ́ ọba, gbà pé ohunkóhun tó bá ti jẹ mọ́ afárá àti ojú irin, ọ̀rọ̀ ààbò ni, kí aráàlú má sì bi àwọn léèrè. Ìhà méjèèjì ló ní òótọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́. Ìhà méjèèjì náà ló ti sọ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ̀rù tó wà lójú ọ̀nà kì í ṣe àròsọ

Ẹni tó bá sọ pé ọ̀rọ̀ ààbò kàn jẹ́ àwáwí, ó ti gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 28, oṣù kẹta, ọdún 2022. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn agbébọn fi bọ́ǹbù ba ojú irin jẹ́, tí wọ́n sì kọlu ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Àbújá lọ sí Kàdúná. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì jí ọ̀pọ̀ èrò gbé wọ inú igbó. Oṣù kẹwàá ọdún náà ni àwọn tó gbẹ̀yìn lára àwọn tí wọ́n jí gbé tó gba ìtúsílẹ̀. Inú oṣù Kejìlá ni ọkọ̀ ojú irin tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú ọ̀nà náà, èyí tó túmọ̀ sí pé fún bí oṣù mẹ́jọ ni gbogbo oníṣòwò tó ń fi ojú irin náà ná ọjà tún padà sórí títì tí wọ́n ń sá fún tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, àwọn ajínigbé tún ya wọ ibùdókọ̀ ojú irin ní Igueben, ìpínlẹ̀ Ẹdó, wọ́n sì kó èrò tó ń dúró de ọkọ̀ lọ.

Bí irú nǹkan báyìí bá ti ṣẹlẹ̀, kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé àwọn agbófinró ń ṣọ́ra. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí èèyàn fara balẹ̀ wo ohun tí àwọn agbébọn yẹn lò. Kò sí fáìlì ìjọba kankan tí ẹnikẹ́ni ní láti jí kó tó mọ aago tí ọkọ̀ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé máa ń gbéra. Ojú irin náà wà nílẹ̀ gbalaja, àgbẹ̀ tó ń lọ sóko ń rí i, darandaran tó ń da màlúù kọjá ń rí i. Ohun tó wúlò fún ẹni ibi ni kó mọ ibi tí kò sí ẹ̀ṣọ́, wákàtí tí àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń pààrọ̀ ara wọn, àti bó ṣe máa pẹ́ tó kí ìrànlọ́wọ́ tó dé. Ìyẹn ni àṣírí tòótọ́. Ìyẹn kò sì sí lára ohun tí ọlọ́jà kankan ń béèrè.

Lọ́nà mìíràn ẹ̀wẹ̀, bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ọ̀pọ̀ àṣírí tó máa ń wu ẹni ibi láti mọ̀, ẹnu ẹni tó wà nínú ilé ló ti máa ń jáde, kì í ṣe inú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri kí gbogbo èèyàn lè kà á. Ìjọba tó kọ̀ láti sọ ọjọ́ tí iṣẹ́ afárá máa parí fún aráàlú, ṣùgbọ́n tí kò mọ ẹni tó ń wọlé tó ń jáde nínú yàrá tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀ ojú irin, ilẹ̀kùn tí kò yẹ ló ń tì.

Àṣírí tí ẹni ńlá mọ̀, tí ẹni kékeré kò mọ̀

Ohun kan wà tí àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ ààbò dí aráàlú lẹ́nu kì í fẹ́ sọ. Ohun tí wọ́n bá pè ní àṣírí kì í ṣe àṣírí fún gbogbo èèyàn. Àwọn kan máa ń mọ̀ ọ́n. Bí ìlà títì tuntun bá wà nínú àpótí ìjọba, ẹni tó mọ ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ àpótí náà máa rí i. Á lọ ra ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí títì máa gbà, á sì ta èyí tó wà lójú ọ̀nà kí owó rẹ̀ tó já wálẹ̀. Ìyá oníresì tó háyà ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ọdún méjì, tó fi owó àjọ ra fìríìjì, òun ni kò ní í gbọ́ títí wọn yóò fi fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí ara ògiri rẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí títì etíkun láti Èkó lọ sí Calabar lọ́dún 2024, títì tí gígùn rẹ̀ tó 700 kìlómítà, ọ̀kan lára ohun tó fa awuyewuye jù lọ ni ibi tí títì náà gbà kọjá ní etíkun Oniru. Àwọn oníṣòwò tó ní ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ àti ibi ìgbafẹ́ síbẹ̀ pariwo pé àkókò tí wọ́n fún àwọn láti kó ẹrù kò tó. Ìjọba ní ojú ọ̀nà tí òfin fàyè gbà ni títì náà gbà, àti pé àwọn san owó gbà-má-bínú fún àwọn tó yẹ. Èyí ó wù kó jẹ́ òtítọ́ jù nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, ó dájú pé ká ní àwòrán ìlà títì náà ti wà níta fún ọdún kan ṣáájú, tí ẹnikẹ́ni lè lọ wò ó ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, ẹni tó fẹ́ háyà ṣọ́ọ̀bù ì bá ti mọ ohun tó ń fi owó rẹ̀ ṣe. Kò sí afẹ̀míṣòfò kankan tí ìlà títì tí wọn kò tíì ṣe máa wúlò fún.

Ọ̀rọ̀ Apápá náà ṣeé fi ṣe àpẹẹrẹ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọkọ̀ tírélà fi tò sórí títì àti orí afárá, tí dírẹ́bà kò mọ ọjọ́ tí yóò kàn án láti wọ èbúté. Níbi tí ẹnikẹ́ni kò bá ti mọ ìgbà tó kan òun, ẹni tó bá láwọ̀n òun mọ̀ ni ọba. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ dírẹ́bà lójú ọ̀nà yẹn, orí iye tí wọ́n ń ta ọjà ló ń bọ́ sí, ọlọ́jà kékeré ló sì ń san án láìmọ̀. Lóṣù kejì ọdún 2021, àjọ tó ń bójú tó èbúté gbé ètò ìpè orí ẹ̀rọ kan jáde, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Ètò, kí dírẹ́bà lè mọ ọjọ́ àti àkókò tirẹ̀ látorí fóònù. Àwọn oníọkọ̀ kò yéé ráhùn lórí bí wọ́n ṣe ń lo ètò náà, ṣùgbọ́n èrò tó wà nídìí rẹ̀ dára. Bí gbogbo èèyàn bá mọ ìgbà tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọjà àwọn tó ń ta ìgbà fúnni á kú.

Òfin ti la ọ̀nà sílẹ̀

Àṣà pé kí ìjọba máa fi gbogbo nǹkan pamọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1962 ni òfin tó de àṣírí ìjọba ti wà nílẹ̀ yìí. Ó wà lára ohun tó sọ pé ẹni tó bá lọ ya àwòrán ibi tí ìjọba dáàbò bò, tó sì fẹ́ fi ba ààbò ìlú jẹ́, ti rú òfin. Òfin náà ní ìwúlò tirẹ̀. Àmọ́ ó ti mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọba kan lára débi pé bí wọ́n bá rí ìwé èyíkéyìí, wọ́n á ti lu òǹtẹ̀ àṣírí mọ́ ọn lórí.

Lọ́jọ́ 28, oṣù karùn-ún, ọdún 2011, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin FOI, ìyẹn òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ìjọba. Ẹni tó bá béèrè kò ní láti sọ ìdí tó fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni òfin fún iléeṣẹ́ ìjọba láti dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí ìwé tí wọ́n béèrè bá pọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì tọ́ka sí apá òfin tó fún wọn láṣẹ láti kọ̀. Ẹni tí wọ́n kọ̀ fún lè gba ilé-ẹjọ́ lọ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Bí ilé-ẹjọ́ bá rí i pé wọ́n kàn ń fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú ni, owó ìtanràn ibẹ̀ jẹ́ ₦500,000.

Òfin yìí kan náà kò gbàgbé ọ̀rọ̀ ààbò. Ó gbà kí iléeṣẹ́ ìjọba kọ̀ láti gbé ohun tó lè ṣàkóbá fún ààbò orílẹ̀-èdè yìí jáde. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé bí àǹfààní tí aráàlú máa rí nínú ọ̀rọ̀ náà bá ju aburú tó lè ti ibẹ̀ yọ lọ, kí wọ́n gbé e jáde. Ó tún sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ọba máa ń fò dá: bí ìwé kan bá ní ojú ewé mẹ́wàá, tó jẹ́ pé ojú ewé kan péré ló ní àṣírí nínú, kí wọ́n yọ ojú ewé yẹn kúrò, kí wọ́n kó mẹ́sàn-án tó kù fún ẹni tó béèrè.

Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn ìpínlẹ̀ kan fi ń jiyàn pé òfin àpapọ̀ ni, kò kan àwọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ yìí fòpin sí àríyànjiyàn náà. Nínú ẹjọ́ kan tó wá láti ìpínlẹ̀ Ẹdó, wọ́n dájọ́ pé òfin FOI kan gbogbo ìpínlẹ̀ pátá. Torí náà, iléeṣẹ́ tó ń rí sí títì ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ní Àkúrẹ́ tàbí ní Òṣogbo kò tún lè sọ pé òfin Àbújá ni.

Bí wọ́n ṣe ṣe é níbòmíràn

Amẹ́ríkà ti gba ibi tí Nàìjíríà ń gbà yìí kọjá. Lọ́jọ́ 15, oṣù Kejìlá, ọdún 1967, afárá kan tí wọ́n ń pè ní Silver Bridge wó sínú odò Ohio, èèyàn 46 ló bá a lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba ibẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n máa yẹ gbogbo afárá wò lóòrèkóòrè, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo. Àkọsílẹ̀ afárá tó lé ní 600,000 ló wà nínú ìwé yẹn lónìí, aráàlú sì láǹfààní láti rí i: ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, iye ọkọ̀ tó ń gba orí rẹ̀ lójúmọ́, bó ṣe lágbára tó, àti bóyá ó ń fẹ́ àtúnṣe.

Lẹ́yìn tí àwọn afẹ̀míṣòfò kọlu ilẹ̀ wọn lọ́jọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2001, ìbẹ̀rù mú àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ibẹ̀ yọ ọ̀pọ̀ àwòrán ilẹ̀ àti àkọsílẹ̀ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn onímọ̀ ní iléeṣẹ́ ìwádìí RAND wá yẹ àkọsílẹ̀ 629 tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ wò, wọ́n sì gbé àbọ̀ jáde lọ́dún 2004. Ohun tí wọ́n rí ni pé kò tó mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún lára wọn tó lè wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe ibi. Àwọn tó wúlò tó sì tún jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìjọba nìkan ni èèyàn ti lè rí wọn, wọn kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó kù, ẹni tó bá ní ojú lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ wò ó.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹjọ, ọdún 2007, afárá mìíràn tún wó ní ìlú Minneapolis, èèyàn 13 kú. Àkọsílẹ̀ ti wà tipẹ́ pé afárá náà ní àléébù, ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí sọ pé irin ìsopọ̀ tí wọn kò ṣe nípọn tó láti ìbẹ̀rẹ̀ ló fa wíwó rẹ̀. Èyí fi hàn pé àkọsílẹ̀ níta nìkan kò lè gba ẹnikẹ́ni là. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìwé ọ̀hún wà níta, àwọn oníròyìn káàkiri ilẹ̀ náà ṣí i, wọ́n wo afárá àdúgbò tiwọn, wọ́n sì bi ìjọba wọn léèrè ohun tó ń ṣe sí i. Ìjọba tó bá mọ̀ pé wọ́n máa bi òun léèrè, kì í sùn.

London náà wà ńbẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ilé. Lọ́jọ́ 7, oṣù keje, ọdún 2005, àwọn afẹ̀míṣòfò yin bọ́ǹbù nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ mẹ́ta àti bọ́ọ̀sì kan, wọ́n pa èèyàn 52. Bí ìlú kan bá ní ìdí láti fi gbogbo nǹkan pamọ́, London ni. Síbẹ̀, iléeṣẹ́ tó ń darí ọkọ̀ èrò níbẹ̀ ṣí àkọsílẹ̀ ìrìn ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀ sígbà náà, kí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe ètò orí fóònù. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó dúró ní Peckham lónìí fi lè wo fóònù rẹ̀, kó mọ iye ìṣẹ́jú tó kù kí bọ́ọ̀sì dé. Lọ́dún 2017, iléeṣẹ́ Deloitte ṣírò rẹ̀ pé àǹfààní tó ń ti ibẹ̀ wá tó £130 mílíọ̀nù lọ́dún. Àwọn oníléeṣẹ́ kéékèèké tó ń ṣe ètò orí fóònù wà lára àwọn tó ń jẹ nínú rẹ̀. Ibi tí kámẹ́rà kò ti ríran àti bí àwọn ọlọ́pàá ṣe ń ṣọ́ ibùdókọ̀ kò sí lára ohun tí wọ́n ṣí sílẹ̀.

Igbá mẹ́ta

Ọ̀nà àbáyọ kò ju pé kí ìjọba pín àkọsílẹ̀ wọ̀nyí sínú igbá mẹ́ta. Igbá kìn-ín-ní kò gbọ́dọ̀ ní ọmọrí rárá. Inú rẹ̀ ni ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n máa ti títì tàbí afárá máa wà, pẹ̀lú ọ̀nà tí ọkọ̀ lè yà gbà, àsìkò tí ọkọ̀ ojú irin ń gbéra, ìwọ̀n ẹrù tí afárá kọ̀ọ̀kan lè gbà, iye owó iṣẹ́, orúkọ kọngílá, ọjọ́ tó yẹ kó parí, ìlà tí títì tuntun máa gbà, àti iye ìjàm̀bá tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti apá kan afárá Third Mainland lọ́jọ́ 24, oṣù keje, ọdún 2020, wọ́n kéde rẹ̀ ṣáájú, wọ́n sì sọ wákàtí tí ọkọ̀ tó ń lọ sí Erékùṣù máa fi rìn àti èyí tó ń bọ̀ sí òkè máa fi rìn. Kò sí àṣírí ìjọba kankan nínú ìkéde yẹn, ó sì jẹ́ kí ọlọ́jà mọ bó ṣe máa to ọjọ́ rẹ̀.

Igbá kejì lè ní ọmọrí, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ́dọ̀ lè ṣí i. Àwòrán iṣẹ́ ẹnjiníà tó fi ibi tí irin àti òpó wà hàn, ibi tí páìpù epo àti wáyà iná gbà kọjá lábẹ́ títì, ìwọ̀nyí kò yẹ kó wà lójú pópó. Ṣùgbọ́n olùkọ́ yunifásítì tó ń ṣèwádìí, kọngílá tó fẹ́ gbẹ́lẹ̀, tàbí oníléeṣẹ́ tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, lè lọ wò ó ní ọ́fíìsì, kó kọ orúkọ, kó fọwọ́ sí ìwé.

Igbá kẹta ni kí wọ́n dì pa. Iye ẹ̀ṣọ́ àti ibi tí wọ́n ń dúró sí, wákàtí tí wọ́n ń pààrọ̀ iṣẹ́, ibi tí kámẹ́rà kò dé, ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn kọ̀ǹpútà tó ń darí ọkọ̀ ojú irin, ọ̀nà tí ọkọ̀ tó kó owó tàbí ohun abúgbàù máa gbà. Kò sí ọlọ́jà tó ń béèrè ìwọ̀nyí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fún un.

Èyí tó le jù níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìlera afárá. Bí àwọn ẹnjiníà bá rí i pé òpó kan ń jẹrà, ṣé kí wọ́n sọ ọ́ síta? Àwọn agbófinró á ní tí ẹ bá sọ ọ́, ẹ ti fi ibi tí ọ̀tá máa lù hàn án. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí aráàlú nílò kì í ṣe àwòrán òpó tó jẹrà. Ohun tó nílò ni kó mọ̀ bóyá afárá náà dára, bóyá ó ń fẹ́ àtúnṣe, tàbí bóyá kí tírélà má gba orí rẹ̀ mọ́, àti ọjọ́ tí wọ́n máa tún un ṣe. Ìyẹn ṣeé sọ láìtọ́ka sí òpó kankan.

Yàtọ̀ sí èyí, ohun tó ń ba afárá jẹ́ jù lọ l'Ékòó kì í ṣe bọ́ǹbù. Ọjọ́ orí ni, ẹrù àpọ̀jù ni, iyanrìn tí wọ́n ń wà nínú ọ̀sà ni, iná ni. Lọ́jọ́ 23, oṣù kẹta, ọdún 2022, iná sọ ní ọjà tó wà lábẹ́ afárá Èkó ní Apongbon. Ọ̀pọ̀ ọjà jóná, iná náà sì ba afárá jẹ́ débi pé wọ́n ní láti dí ojú ọ̀nà ibẹ̀. Àwọn tí dúkìá wọn jóná pàdánù, àwọn tí ìsọ̀ wọn kò jóná náà pàdánù, torí oníbàárà kò rí ọ̀nà gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọlọ́jà tó bá mọ ohun tí iná lè ṣe sí kọnkéré tó wà lórí rẹ̀, tó sì mọ nọ́ńbà tó lè pè, ni ẹ̀ṣọ́ tó dára jù lọ tí afárá lè ní. Ẹni tí wọn kò sọ nǹkankan fún, kò lè bá wọn ṣọ́ ọ.

Ohun tó kù sọ́wọ́ oníkálùkù

Ìjọba ní iṣẹ́ láti ṣe. Kò tó kí wọ́n gbé ìkéde sórí íntánẹ́ẹ̀tì lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ìkéde títì tí wọ́n fẹ́ dí yẹ kó jáde lórí rédíò lédè Yorùbá ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kó dé ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà, kó dé gáréèjì. Bí òṣìṣẹ́ ọba bá sì fẹ́ lu òǹtẹ̀ àṣírí mọ́ ìwé kan, kó kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, kó kọ ìdí rẹ̀, kó sì kọ ọjọ́ tí wọ́n máa tún un yẹ̀ wò. Òǹtẹ̀ tí kò ní olówó, tí kò ní ọjọ́, ibẹ̀ ni jìbìtì ti ń ráyè sápamọ́ sí.

Àwọn oníṣòwò náà ní tiwọn. Ohùn ẹnì kan kì í jìnnà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ọlọ́jà tàbí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ lè kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí iléeṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn. Lẹ́tà ojú ewé kan ti tó. Kí wọ́n dárúkọ òfin FOI ọdún 2011 sínú rẹ̀, kí wọ́n sọ ní pàtó ohun tí wọ́n ń béèrè: ọjọ́ tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ lórí títì báyìí, iye tí wọ́n gbé e fún kọngílá, ọjọ́ tó máa parí. Ẹni tó bá béèrè gbogbo nǹkan, kò ní í rí nǹkankan gbà. Kí wọ́n gba òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiwọn, kí wọ́n ka ọjọ́ méje. Bí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ ààbò wà nínú ìwé náà, kí wọ́n béèrè fún apá tí kò sí ààbò nínú rẹ̀, torí òfin fàyè gba ìyẹn. Kí àwọn náà sì ṣọ́ ẹnu wọn. Ẹni tó ń ya àwòrán ibi tí àwọn ṣọ́jà dúró sí lójú irin, tó ń fi ránṣẹ́ káàkiri orí WhatsApp, ń ṣe iṣẹ́ fún ajínigbé láìgba owó.

Òótọ́ ni pé gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Àmọ́ ẹni tó bá tìtorí rẹ̀ kó gbogbo aṣọ ilé sínú àpótí, tó tì í pa, kòkòrò ló máa bá a jẹ ẹ́, òórùn rẹ̀ kò sì ní í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò.